Ìdáhùn sí Làtééfù Nípa Owó Yúríà

Làtééfù, o béèrè owó yúríà lórí fóònù,
mo ní nẹ́tíwọọ̀kì kò dáa.
Nẹ́tíwọọ̀kì dáa. Ẹnu ló wúwo.
Jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má baà fi ẹ̀rín bò ó.

Oko bàbá wa, lọ́nà Ìpéè, bí o bá ti kọjá afárá kékeré,
mo pín ebè ànàmọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta:
pupa, tí ìyá wa máa ń sun nínú eérú gbígbóná;
funfun, tí a ń gé sá gbẹ, tí a ń lọ̀ ní èlùbọ́;
àti aláwọ̀ ẹyin, tí Tàwákálítù, ọmọ àgíríkì,
gbé wá láti Ìlọrin nínú àpò ìrẹsì,
ìtàkùn rẹ̀ tútù, ó fi aṣọ omi wé e bí ọmọ tuntun.

Ó ní: "Ìdérí ìgò kan sí ebè kan, Mà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.
Kó má kan ìdí ìtàkùn. Ẹ fi erùpẹ̀ bò ó.
Kí ẹ sì fi ìlà kan sílẹ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan
tí kò ní jẹ nǹkankan, ká lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́."
Mo ní mo gbọ́.

Ìwọ mọ̀ mí.
Bí iyọ̀ bá mú ọbẹ̀ dùn, mo máa ń tún bù sí i.
Pupa ni àyànfẹ́ mi. Mo bu ìdérí mẹ́ta fún un.

Òjò rọ̀. Làtééfù, ká ní o rí ewé!
Ewé dúdú minimini, ó borí ebè, ó borí poro,
ó wọ oko Sàláwù láìkí i.
Àwọn ọlọ́kadà ń dúró: "Ìyá Mùníráà, kí lẹ lò?"
Mo ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ ní ìbàdí,
mo ti ń fi ojú inú kan páànù tuntun mọ́lé.

Oṣù kẹrin pé, a kọ́kọ́ wa pupa.
Ọkọ́ wọlé, ọkọ́ jáde, erùpẹ̀.
Mo ní bóyá ó jìn. Mo tún wà á.
Gbòǹgbò bí ìka ọmọdé, bí pẹ́ńsùlù,
èyí tó sanra díẹ̀ nínú wọn hu irùngbọ̀n.
Gbogbo oúnjẹ tí mo gbé fún un, òkè ló ti jẹ ẹ́ tán.
Ogún ebè, garawa kan kò kún.
Ìlà pupa tí mo fi ebi pa,
garawa mẹ́ta.

Tàwákálítù kò bá mi wí.
Ó gbé ìwọ̀n kọ́ ẹ̀ka kajú, ó ń kọ nọ́ńbà sínú ìwé,
pẹ́ńsùlù ọwọ́ rẹ̀ tóbi ju ànàmọ́ mi lọ.

Funfun? Èyí tó jẹ, garawa mẹ́rin. Èyí tí kò jẹ, mẹ́rin.
Bíi bàbá wa: o gbé ẹran lọ, o mú ọwọ́ òfìfo lọ,
àdúrà kan náà ni.

Aláwọ̀ ẹyin ló yà mí lẹ́nu.
Ìdérí kan péré, ebè ti là kí ọkọ́ tó débẹ̀.
Garawa méje! Ti ìlà rẹ̀ tí kò jẹ, mẹ́ta àbọ̀.
Mùníráà gé ọ̀kan sí méjì, ó dákẹ́,
ó gbé e sún mọ́ oòrùn, ó ń wo èyí tó pọ́n jù.

Nítorí náà, owó rẹ kò ṣègbé tán.
Ewúrẹ́ Sàláwù jẹ ewé pupa títí, ó bí ìbejì:
yúríà rẹ ni àwọn yẹn ń mu lọ́mú.
Àbọ̀ àpò wà lájà, níbi tí ọ̀rinrin kò dé.
Ìdérí ìgò wà létí ààrò.
Lánàá, mo fẹ́ fi iyọ̀ sọ́bẹ̀,
òun ni mo fi wọ̀n ọ́n.